Ìjàpá, Agẹmọ, Erè àti Ọ̀pọ̀lọ́: Ìtọ́jú Àwọn Ẹranko Ẹbọ Kí Wọ́n Má Baà Parun

 

Àkọsílẹ̀ yìí dá lórí àwọn ẹranko afàyàfà, àti àwọn jomijòkè, ìyẹn àwọn tí ń gbé inú omi tí wọ́n sì ń gbé orí ilẹ̀, bí ọ̀pọ̀lọ́ àti kọ̀ǹkọ̀. A mọ̀ wọ́n nínú Ifá, nínú òrìṣà àti nínú ìṣègùn, púpọ̀ nínú wọn sì ń dín kù lóde òní. Mo kọ ọ́ láti Ìgbẹ́tì, ní Òkè-Ògùn, níbi tí ọ̀nà Ọ̀yọ́-Ilé ti gba ìsàlẹ̀ àwọn òkè àpáta kọjá. Àwọn awo ẹgbẹ́ mi àti àwọn olórìṣà ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wádìí ẹ̀sìn yìí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa bi mí pé: "Baba, ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn yín ni ó ń pa àwọn ẹranko igbó run?" Ìbéèrè gidi ni. N óò dáhùn rẹ̀ láì fi ohunkóhun bò.

Agẹmọ ni a kọ́kọ́ rán láti bẹ ilẹ̀ wò

Gbogbo awo ló mọ ìtàn náà. Nígbà tí a da erùpẹ̀ sórí omi ní Ifẹ̀, tí adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tàn án ká, Olódùmarè rán Agẹmọ pé kí ó lọ wò ó. Agẹmọ rọra gbé ẹsẹ̀, ó ń yí ojú síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì padà lọ jíṣẹ́ pé ilẹ̀ náà ti fẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì gbẹ tó. Wọ́n tún rán an lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà náà ni ó tó wí pé ilẹ̀ ti le, ènìyàn lè tẹ̀ ẹ́.

Ohun méjì ni mo rí kọ́ níbẹ̀. Èkíní, ṣíṣọ́ ayé kì í ṣe ohun tí òyìnbó mú wá bá wa. Ó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ẹranko afàyàfà ni a sì fi rán. Èkejì, wíwò lẹ́ẹ̀kan kò tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dín kù gbọ́dọ̀ padà lọ wo ibi kan náà.

Àwọn ẹranko tí ọ̀rọ̀ kàn

Ìjàpá, tí a tún ń pè ní ahun tàbí alábahun. Èyí tí ó wà ní ọ̀dàn wa ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Kinixys nogueyi. Igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìdè bí ti ìlẹ̀kùn ní apá ìdí, tí ó fi lè pa ibẹ̀ dé bí ewu bá dé. A ń lò ó fún Ṣàngó àti Ọ̀sányìn, àti fún oríṣiríṣi àkóṣe. Ẹyin díẹ̀ ni ó ń yé lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń pẹ́ kí ó tó dàgbà. Bí a bá mú ìjàpá ńlá kan kúrò nínú igbó, ọdún púpọ̀ ni yóò kọjá kí òmíràn tó dàgbà dé ipò rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ tí ń gbé inú igbó kìjikìji ní gúúsù, Kinixys homeana, ti wà lára àwọn tí àjọ IUCN kà sí èyí tí ó ti dé bèbè ìparun.

Agẹmọ, tàbí ọ̀gà. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ ní ọ̀dàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: Chamaeleo gracilis àti Chamaeleo senegalensis. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ń yé sí. Ẹranko Ọbàtálá ni, oníṣègùn sì ń lo gbígbẹ rẹ̀ gan-an. Ìsọ̀ lẹ́kùlẹ́jà wo ni a kò ti ní rí i ní gbígbẹ? Yàtọ̀ sí èyí, wọ́n ń kó o láàyè láti Tógò, Benin àti Gánà lọ sí òkè òkun fún àwọn tí ń sìn ín nínú ilé.

Erè. Erè ńlá, Python sebae, ni ejò tí ó tóbi jù lọ ní Áfíríkà. Abo rẹ̀ a máa ká ara rẹ̀ yí ẹyin rẹ̀ ká títí wọn yóò fi pa. Àwọn àgbà so ó pọ̀ mọ́ Òṣùmàrè. Erè kékeré wà pẹ̀lú, Python regius, tí ó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù tí ẹ̀rù bá bà á. Ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, òrìṣà ni wọ́n fi erè kékeré yìí ṣe. Ó ní ilé tirẹ̀ láàárín ìlú, ẹni tí ó bá sì rí i lójú pópó yóò gbé e padà sílé pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àmọ́ ní agbègbè kan náà ni wọ́n ti ń kó ọmọ rẹ̀ àti aboyún rẹ̀ nínú oko láti tà á sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Méjèèjì, erè ńlá àti kékeré, ni IUCN ti kọ sílẹ̀ pé wọ́n ti ń súnmọ́ ewu.

Awọ́nríwọ́n. Ti odò, Varanus niloticus, a máa gbẹ́ inú ọ̀gán, kí ó yé ẹyin rẹ̀ síbẹ̀, kí ikán sì tún un dí. Èyí tí ń gbé ọ̀dàn kúrú jù ú lọ. Ẹran rẹ̀ àti awọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pa á.

Ọ̀nì. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi ka ọ̀nì ilẹ̀ wa mọ́ ti odò Náìlì. Ní 2011 ni ìwádìí fi hàn kedere pé oríṣi tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, Crocodylus suchus. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wí pé ọ̀nì ṣì pọ̀ ní ìlà-oòrùn Áfíríkà kò tíì sọ ohunkóhun nípa tiwa.

Ọ̀pọ̀lọ́, àkèré àti kọ̀ǹkọ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ àdúgbò wa kò tíì wà nínú ewu. Kọ̀ǹkọ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le, nítorí pé jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ìwádìí kan fi hàn pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ń pa á ní àríwá Benin, ní agbègbè Malanville, ń gbẹ ẹ́, wọ́n sì ń kó o wọ Nàìjíríà. Iye tí àwọn díẹ̀ tí a fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ń kó ju mílíọ̀nù 2 lọ lọ́dún. Kòkòrò ni kọ̀ǹkọ̀ ń jẹ. Níbi tí a bá ti kó o tán, àgbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Ohun tí ó ń dín wọn kù

Ní 2022 ni àwọn onímọ̀ parí àyẹ̀wò oríṣi afàyàfà 10,196 káàkiri ayé. Wọ́n rí i pé 1,829 nínú wọn wà nínú ewu ìparun, ìyẹn bí ẹyọ kan nínú márùn-ún. Ti jomijòkè tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: àyẹ̀wò ti 2023 fi hàn pé bí 41 nínú ọgọ́rùn-ún oríṣi wọn ni ó wà nínú ewu. Kò sí ẹ̀yà ẹranko elégungun-ẹ̀yìn mìíràn tí a ti yẹ̀ wò tí ó wà nínú ewu tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a pín ẹ̀bi náà bí ó ti yẹ. Ní Òkè-Ògùn, iná ẹ̀ẹ̀rùn ni mo kọ́kọ́ kà. Bí ọyẹ́ bá gbẹ koríko, ọdẹ a kun ún, darandaran a kun ún kí koríko tútù lè yọ, àgbẹ̀ náà a kun ún. Ìgalà lè sá. Ìjàpá tí ó fara pamọ́ sábẹ́ koríko nítorí ẹ̀ẹ̀rùn kò lè sá. Lẹ́yìn iná ni èédú: igi ńlá tí agẹmọ ń gùn, tí òjìji rẹ̀ ń jẹ́ kí ilẹ̀ tutù, ni a ń gé sun. Ẹ̀kẹta ni kẹ́míkà tí a fi ń pa koríko. Awọ ara ni ọ̀pọ̀lọ́ fi ń mu omi. Ohun tí a bá fọ́n sí oko ni ó ń mu. Ẹ̀kẹrin ni ẹran ìgbẹ́ tí à ń tà lẹ́bàá títì. Ẹ̀karùn-ún ni òwò òkè òkun tí mo ti sọ.

Ẹ̀kẹfà ni àwa. Ẹbọ àti oògùn nìkan kọ́ ni ó ń pa wọ́n, ṣùgbọ́n ẹbọ àti oògùn wà níbẹ̀. Awo tí ó bá wí pé ọwọ́ òun mọ́ nínú rẹ̀, kí ó lọ sí ọjà kí ó lọ ka agẹmọ gbígbẹ tí ó wà nínú apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo.

Igbó ọba àti òfin

Ìhà Ìgbẹ́tì ni a ti ń wọ àwókù Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú àwọn Aláàfin, tí àwọn ará rẹ̀ fi sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1840. Igbó ti bo odi ìlú náà. Ní 1936 ni ìjọba ya igbó Ògùn Òkè sọ́tọ̀, ní 1941 ni wọ́n ya ti Ọ̀yọ́-Ilé sọ́tọ̀. Ní 1952 ni a sọ wọ́n di igbó àìgbọdọ̀dẹ, ní 1991 sì ni òfin ìjọba àpapọ̀ sọ méjèèjì di Old Oyo National Park. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 2,512 níbùú lóròó. Ẹ̀ṣọ́ igbó ń ṣọ́ ọ, ẹni tí a bá sì mú pẹ̀lú ìbọn, pàkúté tàbí ẹran níbẹ̀ yóò dé kóòtù.

Kì í ṣe inú ọgbà yìí nìkan ni òfin mọ. Àdéhùn àgbáyé tí a ń pè ní CITES ni ó ń darí títa ẹranko inú ewu láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Nàìjíríà ti wọ inú rẹ̀ láti 1974, ó sì ṣe òfin tirẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1985. Erè, awọ́nríwọ́n, agẹmọ, ìjàpá àti ọ̀nì ni ó wà nínú ìwé àdéhùn náà. Ti ọ̀nì ilẹ̀ wa le púpọ̀: òwò rẹ̀ sí òkè òkun kò sí rárá. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ awo tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Amẹ́ríkà tàbí Bùràsíìlì, ẹ má ṣe rán ẹnikẹ́ni pé kí ó fi awọ erè tàbí igbá ìjàpá sínú àpótí wá fún yín. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, orúkọ Ifá ni yóò bà jẹ́.

Kí ìjọba tó ya igbó sọ́tọ̀ ni àwọn baba wa ti ń yà á sọ́tọ̀. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, jẹ́ hẹ́kítà 75 láàárín ìlú. A kì í ṣọdẹ níbẹ̀, a kì í pẹja odò rẹ̀. Èèwọ̀ ni ó ṣọ́ ọ títí ó fi bá wa.

Bí a ṣe ń ṣọ́ wọn

Ṣíṣọ́ ẹranko kò ju kí a lọ sí ibi kan náà, ní àkókò kan náà, lọ́nà kan náà, kí a kọ ohun tí a rí sílẹ̀, kí a sì kọ ọ́ pẹ̀lú nígbà tí a kò bá rí nǹkan kan. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni àwọn onímọ̀ ń gbà ṣe é. Lóru, wọ́n ń tan tọ́ọ̀ṣì sójú odò, ojú ọ̀nì a sì pọ́n bí ẹyin iná. Wọ́n ń ka ojú méjì sí ọ̀nì kan. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, wọ́n ń dúró létí àbàtà láti gbọ́ ohùn: ohùn ọ̀pọ̀lọ́ yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹkọ̀, ti kọ̀ǹkọ̀ sì yàtọ̀ sí ti àkèré orí ewé. Wọ́n ń ri bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ yóò fi bá ilẹ̀ dọ́gba, kí ohun tí ń rìn lóru lè jìn sí i. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ wọn á sì tú u sílẹ̀. Wọ́n tún ń lọ sí ọjà láti ka ohun tí ó wà lórí àtẹ.

Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni awo lè ṣe dáadáa, nítorí ọjà lẹ́kùlẹ́jà kì í fi nǹkan pamọ́ fún wa. Ní tèmi, ìwé ọmọ iléèwé kan ni mo ń lò. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá máa ń padà wá lọ́rọọrún. Bí mo bá ti bọ Ifá tán láàárọ̀, mo ń rin ọ̀nà kan náà lẹ́bàá àpáta títí dé etí odò, mo sì ń kọ ọjọ́, ipò ojú ọ̀run, àti ohun tí mo rí. Kò ná mi ní nǹkan kan ju ẹsẹ̀ mi lọ. Ohun tí ìwé náà sọ fún mi ni pé agẹmọ ṣì ń yọjú nígbà òjò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni òjò dé tí ó lọ tí n kò rí ìjàpá kan. Nígbà tí mo ń kọ́ Ifá, ọmọdé ni olúwo mi máa ń rán lọ sóko kí ó lọ wá ìjàpá, kì í sì í pẹ́ kí ó tó dé.

Ẹ ya fọ́tò bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ ibi pàtó tí ẹ ti rí erè tàbí ìjàpá fún gbogbo ayé. Àwọn tí ń tà wọ́n náà ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ṣé ẹbọ ṣeé pààrọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá àwọn awo sọ gan-an nìyí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, Ifá yan ìjàpá fún ẹnì kan tí ó wá sọ́dọ̀ mi. Mo rà á lọ́jà, wọ́n ní ọ̀nà jíjìn ni ó ti wá. Nígbà tí a tú u, mo bá ẹyin mẹ́rin nínú rẹ̀. N kò sọ̀rọ̀ níwájú ẹni tí ó ni ẹbọ, ẹbọ rẹ̀ sì fín. Ṣùgbọ́n n kò lè gbàgbé rẹ̀. N kò tilẹ̀ bi Ifá bóyá ohun mìíràn wà tí yóò gbà. Orúkọ ẹranko ni mo gbọ́, mo sì gba ọjà lọ. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, kì í ṣe ti Ifá.

Àgbà awo kan tí mo bọ̀wọ̀ fún wí fún mi pé: "Ẹbọ tí a bá pààrọ̀, a ti dín in kù." N kò jà á níyàn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi orí ara rẹ̀ pààrọ̀ ẹbọ; òótọ́ ni. Ẹnu Ifá ni a ti ń gbọ́ ẹbọ, ẹnu Ifá náà ni kí a ti gbọ́ ìpààrọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìbò fi wà lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa: owó ẹyọ ni a fi ń ka iye ẹbọ láyé àtijọ́, ta ni ó ń kó owó ẹyọ wá lónìí? Náírà ni a ń gbà, Ifá kò sì kọ̀ ọ́. Eyín erin ni a fi ń gbẹ́ ìrọ́kẹ́ àwọn awo ńlá. Lónìí igi tàbí idẹ ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa, Ifá sì ń fọhùn. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò rí ahun ilé mú dání. Ìjàpá inú omi ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ Ṣàngó àti Ọ̀sányìn títí di òní. Bí ìpààrọ̀ bá ń ba ẹbọ jẹ́, ẹ̀sìn wa ìbá ti parun ní Kúbà.

Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé nìyí. Bí odù bá hù tí ó sì bèèrè ẹranko igbó, n óò kọ́kọ́ dìbò bóyá ẹran ilé yóò gbà á: àkùkọ, ẹyẹlé, ewúrẹ́, àgbò. Bí ó bá kọ̀, n óò béèrè bóyá ìgbín, ẹja tàbí owó ni. Bí ó bá tún kọ̀, n óò béèrè bóyá ohun tí ẹranko náà fi sílẹ̀ fúnra rẹ̀ tó, bí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀, tàbí igbá ìjàpá tí ó ti kú. Bí Ifá bá fọwọ́ lé ẹranko náà gan-an, n óò béèrè bóyá láàyè ni kí a gbé e dé ojú ìbọ, kí a sì dá a padà síbi tí a ti rí i. Ẹbọ wà tí a kì í pa ẹran rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń béèrè báyìí, ó ṣọ̀wọ́n kí Ifá má rí ọ̀nà fún wa.

Ohun tí ó yẹ kí olùfọkànsìn ṣe

Bí ẹ bá lọ dífá tí a yan ẹranko igbó fún yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè pé: "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi Ifá bóyá ohun mìíràn lè rọ́pò rẹ̀." Kì í ṣe àfojúdi. Awo tí ó bá bínú sí ìbéèrè yẹn, ẹ wá òmíràn.

Ẹ má ṣe ra ìjàpá tàbí erè lọ́jà nítorí pé ẹ fẹ́ tú u sílẹ̀ nínú igbó. Àánú ni ẹ rò pé ẹ ṣe, ṣùgbọ́n owó yín ni yóò rán ọdẹ padà lọ mú méjì mìíràn. Èyí tí a sì tú sílẹ̀ níbi tí kì í ṣe ilé rẹ̀ lè kó àrùn ọjà ran àwọn tí ó bá níbẹ̀.

Ẹ má ṣe pa agẹmọ nítorí ẹ̀rù. Kò ní oró, kì í sì í bá ènìyàn jà. Bí erè bá wọ ilé, ẹ pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n mú, kí ó gbé e lọ sínú igbó tí kò jìnnà.

Ẹ̀yin awo àti olórìṣà tí ẹ ní igbó òrìṣà ní ìlú yín, ẹ la ọ̀nà iná yí i ká kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní èèwọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀, kí ẹni tí yóò gba ipò yín lè mọ̀ bóyá ó ń pọ̀ tàbí ó ń dín kù.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú wa kò fojú kan erin rí. Inú oríkì àti ìjálá ni wọ́n ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Kò yẹ kí ọmọ tí a ń kọ́ ní Ifá lónìí dàgbà kí ó máa pe orúkọ ìjàpá láìmọ bí ìjàpá ti rí.